Káàdì Báǹkì fún Ìrìn-àjò Òkè Òkun: Èwo Ni Kì Yóò Jẹ Owó Wa?

Ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá nínú ìjọ wa láìjẹ́ pé a gbàdúrà ìrìn-àjò fún ẹnì kan tí ó fẹ́ re òkè òkun. Ìyá kan ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá kan ń lọ wo ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ gba oyè ní yunifásítì. Àwọn mìíràn ń re Jerúsálẹ́mù. Gbogbo ilé a máa múra sílẹ̀ de irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. A ó ṣírò owó ìwé ìrìnnà, owó físà, owó ọkọ̀ òfurufú, àti ẹ̀bùn tí a ó kó lọ́wọ́. Ohun kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò, èyí ni iye tí yóò ná wọn láti ná owó tí wọ́n ti ní lọ́wọ́.

Owó yìí kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Báǹkì yóò yọ díẹ̀ nígbà tí a bá ra búrẹ́dì, yóò yọ díẹ̀ nígbà tí a bá wọ ọkọ̀, yóò sì yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí arìnrìn-àjò bá sì padà dé ilé, tí ó wo ìwé àkáǹtì rẹ̀, ẹnu yóò yà á. Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí kò gùn: kì í ṣe gbogbo káàdì ni ó ń jẹ owó bákan náà, ẹni tí ó bá sì bèèrè kí ó tó kúrò nílé ni yóò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Láti Ayé Ṣílè dé Ayé Káàdì

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀ràn yìí kò díjú tó báyìí. Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ṣílè tí ìgbìmọ̀ náà sì ń ṣe fún ilẹ̀ wa bá ṣílè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba ní iye. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool mọ̀ pé iye tí pọ́ùn kan jẹ́ ní Èkó náà ni ó jẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀, náírà 2 sì dúró fún pọ́ùn Nàìjíríà 1. Gbogbo wa ni a mọ bí nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí a jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, dọ́là 1 tí kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba kọjá 700 láàárín oṣù kan náà. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Nítorí náà, ohun tí báǹkì bá gé kúrò nínú owó wa ní òkè òkun, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ohun ńlá ni nígbà tí a bá kà á ní náírà.

A kò sì lè sọ pé a ó fi káàdì sílẹ̀ nílé. Àwọn bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́ láti oṣù keje ọdún 2014. Káàdì ni èrò ń fi kan ẹ̀rọ kí ó tó jókòó. Ìyá tí ó bá kó kìkì owó bébà lọ yóò dúró ní ibùdókọ̀ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọ̀nà Mẹ́rin Tí Owó Fi Ń Bọ́

Èkíní ni owó ìyípadà. Nígbà tí a bá san owó pọ́ùn láti inú àkáǹtì tí kì í ṣe ti pọ́ùn, ọ̀pọ̀ báǹkì a máa fi owó díẹ̀ lé iye ọjà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn báǹkì ń gbà lórí káàdì lásán súnmọ́ 3 nínú 100. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan wà ní ilẹ̀ wọ̀nyí tí kò gba ohunkóhun lórí ìyípadà, a sì dá wọn sílẹ̀ ní pàtó láti fa arìnrìn-àjò mọ́ra.

Èkejì ni iye pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Visa àti Mastercard ní iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Ṣùgbọ́n báǹkì kan lè lo iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà rírọrùn ṣe àpẹẹrẹ: bí báǹkì kan bá ń ka pọ́ùn 1 sí náírà 2,000, tí báǹkì kejì sì ń kà á sí náírà 2,060, tí ó ń kígbe pé òun kò gba owó ìyípadà, kí ni ó kù? Ó ti gba náírà 60 lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe 3 nínú 100. Ohun tí kò gbà ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ó ti gbà á ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀kẹta ni owó tí a ń san láti gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ìpọwó, èyí tí a ń pè ní ATM. Ẹni méjì ni ó lè gba owó níhìn-ín: báǹkì wa, àti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lára ògiri báǹkì kì í gba ohunkóhun, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sábà máa ń gbà, wọn a sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníbàárà báǹkì tí ó ni ín. Bí owó náà bá jẹ́ pọ́ùn 3 lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó gba pọ́ùn 20 ti san 15 nínú 100. Ẹni tí ó gba pọ́ùn 200 lẹ́ẹ̀kan náà san 1.5 péré nínú 100. Nítorí èyí, kí a gba owó nígbà díẹ̀, kí a má sì máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó jọ inú rere jùlọ, òun náà sì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀rọ ìpọwó yóò bèèrè bóyá a fẹ́ san ní pọ́ùn tàbí ní owó tí ó wà nínú àkáǹtì wa nílé. Ojú àlejò a máa fẹ́ rí owó tí ó mọ̀, yóò sì yan ti ilé. Kí a má ṣe é. Bí a bá yàn bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà ni yóò sọ iye pàṣípààrọ̀, wọn yóò sì ti fi èrè tiwọn sí i. Báǹkì wa sì tún lè gba tirẹ̀ lé e. Ẹ máa yan owó ilẹ̀ tí ẹ wà nígbà gbogbo: pọ́ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, yúrò ní Róòmù, dọ́là ní Houston. Bí ẹ̀rọ ìpọwó bá bèèrè bóyá ẹ gbà kí òun yí owó padà fún yín, ẹ kọ̀; kíkọ̀ náà kò ní kí owó yín má jáde.

Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣírò Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá méjì nínú àpẹẹrẹ. Olúkúlùkù wọn fẹ́ ná pọ́ùn 600 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 400 nínú ṣọ́ọ̀bù, 200 ní owó bébà. Káàdì ti ìyá àkọ́kọ́ ń gba 3 nínú 100 lórí ohun gbogbo: pọ́ùn 18 ni èyí. Ó gba owó bébà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, 50, 50. Báǹkì gba pọ́ùn 3 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù gba pọ́ùn 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 38. Ìyá kejì san pọ́ùn 10 láti gba káàdì tí kò ní owó ìyípadà, ó sì gba 200 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lára ògiri báǹkì tí kò gba nǹkan kan. Pọ́ùn 10 ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san ìdámẹ́wàá yóò tètè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìdámẹ́wàá pọ́ùn 600 jẹ́ 60, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 30. Ìyá àkọ́kọ́ ti fi ohun tí ó ju ìdajì ìdámẹ́wàá lọ fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Pọ́ùn 28 tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ìbá ra aṣọ òtútù fún ọmọ tuntun náà.

Oríṣi Káàdì Tí Ó Wà

Káàdì náírà ni ó súnmọ́ wa jùlọ. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ní ìparí ọdún 2022, àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà dáwọ́ lílò káàdì náírà ní òkè òkun dúró. Ní ọdún 2025 ni díẹ̀ nínú wọn tún ṣí i padà, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n sí iye tí ènìyàn lè ná. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e láìbèèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ rìn.

Èkejì ni káàdì tí ó so mọ́ àkáǹtì owó òkèèrè, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní dọmisílíárì. Ẹni tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí báǹkì rẹ̀ bá lè fún un ní káàdì lórí àkáǹtì pọ́ùn, kí ó yan èyí ṣáájú ti dọ́là. Nítorí ẹni tí ó fi dọ́là sílé tí ó ń ná pọ́ùn yóò yí owó padà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta ni káàdì tí a ń kó owó sí ṣáájú. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ dá ara rẹ̀ lẹ́kun, nítorí kò lè ná ju ohun tí ó kó sí i lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba owó nígbà tí a bá ń kó owó sí i, nígbà tí a kò bá lò ó, àti nígbà tí a bá fẹ́ gba ìyókù padà.

Ẹ̀kẹrin ni káàdì àwìn. Ó wúlò ní ilé ìtura àti níbi tí a ti ń yá ọkọ̀, nítorí irú ibi bẹ́ẹ̀ a máa de owó kan mọ́lẹ̀ títí a ó fi lọ. Bí ó bá sì jẹ́ káàdì tí ń fa owó tààrà láti inú àkáǹtì ni a fi sílẹ̀, owó oúnjẹ wa ni a ó dè. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi káàdì àwìn gba owó bébà, nítorí láti ọjọ́ náà gan-an ni owó èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Káàdì Ọmọ Kì Í Ṣe Káàdì Ìyá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìlú Òyìnbó a máa fi ìfẹ́ sọ pé, “Mọ́mì, ẹ mú káàdì mi, nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ nìyí.” Inú rere ni, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Àdéhùn báǹkì ni pé kí oníkáàdì má sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyá tí ó bí i. Bí olè bá gbé káàdì náà lọ́wọ́ ìyá, báǹkì lè kọ̀ láti dá owó padà fún ọmọ. Ọ̀nà tí ó tọ́ wà: àwọn báǹkì kan ń gbà kí ẹni tí ó ní káàdì àwìn gba òmíràn lé e ní orúkọ ẹbí rẹ̀. Kí ọmọ bèèrè fún èyí kí ìyá tó dé.

Ìbéèrè Tí A Ó Bi Báǹkì

Ẹní bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí a tó rìn, kí a lọ sí báǹkì, kí a sì gba ìdáhùn wọ̀nyí ní kíkọ sílẹ̀:

1. Ṣé káàdì yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí mo ń lọ, èló ni mo sì lè ná ní oṣù kan?
2. Èló ni ẹ ń gbà nínú 100 nígbà tí mo bá ra ọjà ní owó ilẹ̀ òkèèrè?
3. Iye pàṣípààrọ̀ ta ni ẹ ń lò, níbo ni mo sì ti lè rí i?
4. Èló ni ẹ ń gbà nígbà tí mo bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ?
5. Ṣé ẹ ní owó kan tí ẹ ń gbà lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà, bí ó ti wù kí ó kéré tó?
6. Èló ni owó káàdì fún ọdún kan, nọ́ńbà wo ni mo sì lè pè láti òkè òkun bí ó bá sọnù?

Ìbéèrè karùn-ún ni kí ẹni tí yóò máa wọ bọ́ọ̀sì dì mú. Owó tí kò tó nǹkan lórí àpò ìrẹsì lè pọ̀ jù lórí owó ọkọ̀.

Ní Ojú Ọ̀nà

Ẹ mú káàdì méjì lọ, láti báǹkì méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ má sì fi wọ́n sínú àpò kan náà. Ẹ mú owó bébà díẹ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tí a ó pè sínú ìwé tí ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà àṣírí síbikíbi. Ẹ pa àwọn ìwé ẹ̀rí tí ṣọ́ọ̀bù bá fún yín mọ́, kí ẹ sì fi wọ́n wé ìwé àkáǹtì yín nígbà tí ẹ bá padà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ahun ni èyí. Olúwa wa fi ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ìnáwó rẹ̀. Owó tí ẹ̀yin òbí fi ọdún púpọ̀ tù jọ nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù tàbí nínú èsúsú kì í ṣe owó tí a ń jẹ́ kí ó ti ojú ihò bọ́. Ìríjú ni wá lórí rẹ̀. Kí Ọlọ́run mú gbogbo àwọn arìnrìn-àjò wa lọ ní àlàáfíà, kí ó sì mú wọn padà bọ̀ wá sí ilé.