Oúnjẹ Onítọ̀ Ṣúgà: Ìwọ̀n Ju Orúkọ Lọ

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdọọdún ni gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, tí a tún ń pè ní àtọ̀gbẹ, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n bí Frederick Banting, ọmọ Kánádà, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlínì, èròjà tó ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ níjàánu, ní ìlú Toronto ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n nínú oríṣi kejì àrùn yìí, tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà wa, ínsúlínì sábà máa ń wà lára, ara ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, tí ṣúgà fi ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi máa bá ìtọ̀ jáde, tí èèrà yóò sì máa bò ó. Ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ mọ́jú, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àrùn náà ti wọlé dé.

Nígbà tí ìròyìn yìí bá balẹ̀, ohun tí ará ilé kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n gbé iyán jù sẹ́yìn, kí wọ́n sì gba àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wíìtì wọlé. Àwọn baba wa ló ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn; a kì í bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí ọkà kì í ṣoògùn. Iyán, ọkà, ẹ̀bà, láfún, fùfú, àti wíìtì fúnra rẹ̀, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nígbà tí wọ́n bá kọjá ọ̀fun. Ẹni tó bá tìtorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, tó wá jẹ ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àṣà wa ni pé òkèlè lọba, ọbẹ̀ nìránṣẹ́: a ó rọ ọkà rìbìtì, a ó wá fi ṣíbí ẹ̀fọ́ kan tọ́ ọ lórí. Ètò yìí gan-an ló yẹ kí a dojú rẹ̀ dé. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Kí ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí ilá, tí epo kò bò mọ́lẹ̀, gba ìdajì àwo. Kí ẹja tàbí ẹran gba ìyókù. Bí ó bá kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹja náà kí ó tó bu òkèlè, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀wà, àjẹpẹ́-nínú, ìyìn ló tọ́ sí i, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ kékeré kan sì sàn ju búrẹ́dì àti tíì aládùn lọ fíìfíì.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun mímu ló sì ń yára gbani débẹ̀ jù. Ẹ ka ara igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò: bí ó bá kọ gíráàmù ṣúgà 10 sí mílílítà 100, igo onísẹ̀ntílítà 35 ti gbé gíráàmù 35 wọlé, ìyẹn láìtíì fẹnu kan oúnjẹ. Ọsàn tí a jẹ tòun ti ẹran rẹ̀ sàn ju èyí tí a fún omi rẹ̀ mu.

Dídín oúnjẹ kù lérè: ní Skọ́tíláǹdì àti àríwá Ẹ́ńgíláǹdì, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sanra, tí àrùn náà kò tíì pẹ́ lára wọn, tí wọ́n sì fi oúnjẹ tín-ín-rín fọn níṣojú oníṣègùn, ni kò nílò oògùn ìtọ̀ ṣúgà mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Níṣojú oníṣègùn, mo tún un wí. Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn glibenclamide, tó wá ń fo oúnjẹ, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì dákú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí dókítà yín kí oṣù ààwẹ̀ tó lé.