Akòko: Ọgbà Tí Í Tanná Nígbà Ẹ̀rùn

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí koríko gbẹ, tí eruku pupa sì bo ewé gbogbo láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, ìgbà náà gan-an ni akòko máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ rí bí fèrè kékeré, pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó fara jọ èsè àlùkò. Gbogbo wa ni a mọ ewé rẹ̀ mọ́ oyè jíjẹ. Ṣùgbọ́n ó tún dára púpọ̀ láti fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Bí ìyá ọkọ yín bá bèèrè pé ta ní fẹ́ joyè nínú ilé, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fi òdòdó hàn wọ́n.

Bòtujẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní lápálápá, ni ọ̀pọ̀ ilé fi ṣe ọgbà. Ó tètè ń hù, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ ẹ́. Àmọ́ májèlé wà nínú èso rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà. Ìdí nìyí tí ọmọdé kì í fi í mọ sí ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀, tí omi yóò tán lára ọmọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú èso náà dání kí dókítà lè rí i.

Ẹ̀ka ni a fi ń gbin akòko. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ ri ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nìkan ni ó nílò omi ìrọ̀lẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò ga ju òrùlé lọ. Nítorí náà, ẹ máa gé orí rẹ̀ nígbà òjò. Ẹni tí ó bá gé e nígbà tí ẹ̀rùn ń wọlé ti gé òdòdó rẹ̀ dànù, nítorí orí ẹ̀ka ni òdòdó ń yọ sí.

Ẹ má ṣe hú bòtujẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ẹ gbin akòko sí inú rẹ̀, kí ẹ hú bòtujẹ̀ bí akòko bá ti lágbára. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ máa gbá èso tí ó bá jábọ́ ní àràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó jáde ṣeré.