Iṣan Wo Ni Iṣan? Iṣẹ́ Bernard Katz àti Ìṣòro Olùtumọ̀

Ní ọdún 1966, Bernard Katz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìwé kékeré kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Nerve, Muscle, and Synapse. Ọ̀rọ̀ pàtàkì mẹ́ta ni ó wà nínú àkọlé yìí, ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá fẹ́ gbé e wá sí èdè Yorùbá, ìgbésẹ̀ kìíní ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti kọ. Iṣan ni à ń pe èyí tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ara. Iṣan náà ni à ń pe èyí tí ń sún kì kí apá tó lè gbé ẹrù. Iṣan kan náà ni a sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ̀kẹta nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ní orúkọ kan tí gbogbo wa fi ẹnu kò sí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí Katz rí.

Ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i ní 1911. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 1934. Ṣùgbọ́n Júù ni, ìjọba Hitler kò sì fi àyè sílẹ̀ fún irú wọn. Ní 1935 ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ A. V. Hill. Ní 1939 ó kọjá sí Sydney ní Ọsirélíà, níbi tí òun, John Eccles àti Stephen Kuffler ti jọ ṣe ìwádìí. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n lò ni eserine, tí ó ti inú ẹ̀wà olóró agbègbè Kàlàbá wá. Esere ni àwọn Ẹ́fíìkì ń pe ẹ̀wà náà, orúkọ yìí ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù sì mú tí wọ́n fi ìrù lé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kò lè di ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Katz padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun àti Paul Fatt ń fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ wọn iná mànàmáná inú iṣan àkèré. Iṣan náà wà ní ìsinmi, a kò rán iṣẹ́ kankan sí i. Síbẹ̀ iná kékeré ń ṣẹ́jú níbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdajì mílífóòtì lọ, ìyẹn bí ìdá kan nínú 100 èyí tí a máa ń rí nígbà tí iṣẹ́ gidi bá dé. Ẹlòmíràn ì bá pè é ní ariwo ẹ̀rọ, kí ó sì gbójú fò ó. Àwọn kò gbójú fò ó. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1950. Ní 1954, Katz àti José del Castillo dín kálísíọ̀mù kù nínú omi tí iṣan náà wà, títí ìjíṣẹ́ fi rẹlẹ̀ gidigidi. Nígbà náà ni ó hàn pé ìdáhùn iṣan a máa jẹ́ òfo, tàbí ìwọ̀n kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, bí ẹni ń ta gàárì ní kóńgò kóńgò, tí kì í ta àbọ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé iná kò ré kọjá láti inú iṣan kan bọ́ sínú èkejì. Àlàfo wà láàárín wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú 20,000 mìlímítà. Bí iṣẹ́ bá dé etí àlàfo náà, kálísíọ̀mù a wọlé, àwọn àpò wíwẹ́ a sì tú asẹ́táìlìkólínì tí a dì sínú wọn jáde; èyí ni ó ń la àlàfo já. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí Katz, Ulf von Euler àti Julius Axelrod jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970. Katz kú ní 2003.

Ìmọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó darí wa nínú ìsọlórúkọ. Níwọ̀n bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, mo dá a lábàá pé kí a pe èyí tí ń gbé iṣẹ́ ní iṣan ajíṣẹ́, kí a sì pe èyí tí ń ṣe iṣẹ́ agbára ní iṣan asúnkì. Ibi tí wọ́n ti pàdé ńkọ́? Ìsopọ̀ kò tọ́, nítorí wọn kò so pọ̀. Oríta kò tọ́, nítorí ojú ọ̀nà kì í já ní oríta. Bodè ni mo fara mọ́: ìránṣẹ́ ilẹ̀ kìíní dúró sí ìhà tirẹ̀, ẹrù nìkan ni ó kọjá. Ohun tí ń kọjá ní odidi odidi ni ìdì. Kì í ṣe ẹyọ, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ ni ó wà nínú ìdì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè. Àrùn kan wà tí ń mú kí ìpéǹpéjú wálẹ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ a sì máa rẹ̀ kíákíá. Ní 1934, Mary Walker, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi oògùn inú ẹ̀wà Kàlàbá kan náà dẹ àrùn yìí lójú. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún aláìsàn pé iṣan rẹ̀ ni ó ń ṣe é, kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí ní bodè ni ìjàǹbá náà wà: àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni ó ń ba ibi tí a ti ń gba ẹrù jẹ́. Ẹni tí ó bá ní Iṣan Ajíṣẹ́, Iṣan Asúnkì àti Bodè lọ́wọ́ lè ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ̀yin olùkọ́ dán an wò ní kíláàsì yín. Bí ẹ bá rí èyí tí ó dára jù ú lọ, a ó fi ayọ̀ gbà á.