Àkèré Orí Igi Nínú Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Bẹ̀rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní oṣù tó kọjá, nígbà tí a ti pa ìwé owó dé tí oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀. Ìyá kan nínú wa ló ní òun fẹ́ bèèrè nǹkan, kí a jọ̀ọ́ má fi òun rẹ́rìn-ín. Ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló kó àkèré kéékèèké márùn-ún wálé láti inú kókò tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó dà wọ́n sínú ìgò, ó fi ọmọrí dé e pa, ó gbé e sójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mẹ́rin ti kú. Ọmọ ń sunkún. Aládùúgbò ń pariwo pé kí wọ́n da èyí tó kù nù, pé ohun àwọn àgbà ni. Ìyá ò sì mọ èwo ni kí òun gbọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé ẹ̀dá yìí ṣeé sìn nínú ilé àbí kò ṣeé sìn?

A rẹ́rìn-ín o, kí n má parọ́. Àfi ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tún fi kún un pé òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń rà á, ṣé ẹgbẹ́ lè yá òun lówó kí òun fi bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti kan àpò ẹgbẹ́ báyìí, ẹ̀rín tán. Alága ní kí n lọ wádìí, kí n sì kọ ọ́ síbí. Èmi náà ti sin méjì rí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sọ́tọ̀, torí pé ibi tí ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tí ara rẹ̀ le, tó rí ṣákiṣàki, tó ń tọ pọ́nkán-pọ́nkán lábẹ́ iná ìta lálẹ́. Ó ní oje kan lẹ́yìn ojú tó jẹ́ májèlé. Ajá tó bá bù ú jẹ á máa da itọ́ lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣeré. Kọ̀ǹkọ̀ ni ńlá tó ń ké nínú ẹrẹ̀, tí àwọn kan ń jẹ. Àkèré orí igi kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Ara rẹ̀ ń dán, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: orí ìka kọ̀ọ̀kan rí róbótó bí orí ìṣó. Ohun tó fi ń lẹ̀ mọ́ ewé àti gíláàsì nìyẹn. Lọ́sàn-án ó máa ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra lórí ewé, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Alẹ́ ló ń jí.

Àwọn onímọ̀ ti ń ka àwọn àkèré ilẹ̀ wa tipẹ́. Ní ọdún 1963 ni Arne Schiøtz, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré Nàìjíríà. Ní 1967 ó tún tẹ òmíràn jáde lórí àwọn ti orí igi nìkan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú àwọn tó wà lápá ibi tiwa yìí, àwọn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Hyperolius ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Afrixalus. Ìyẹn máa ń ká ewé pọ̀, á sì fi oje ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹyin rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn di mọ́ínmọ́ín. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Chiromantis rufescens ti inú igbó kìjikìji. Yóò da ohun kan bí ìhó ọṣẹ sórí ẹ̀ka igi tó wà lókè omi, inú ìhó yẹn ni yóò yé ẹyin sí. Nígbà tí ẹyin bá pa, légbénlègbé á já bọ́ láti òkè sínú omi.

Ó yá, ká dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Kí ló pa mẹ́rin láàárín ọjọ́ kan? Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Oòrùn ojú fèrèsé ló pa wọ́n. Ìgò tí a dé pa tó wà nínú oòrùn kò yàtọ̀ sí ìkòkò tó wà lórí iná. Àkèré kò ní awọ tó nípọn bíi tiwa. Ara rẹ̀ ló fi ń mu omi, kì í fi ẹnu mu ún. Ara yẹn náà ló tún fi ń mí lápá kan. Ohunkóhun tó bá kan awọ rẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, torí gbogbo òfin yòókù, inú rẹ̀ ló ti wá.

Nítorí náà, ọwọ́ tí a fi yọ ìpara tàbí tí a fi gé ata kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ fi omi ṣan ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ sì tutù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà lára rẹ̀. Ká sòótọ́, ìgbà tí a bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe nìkan ló yẹ ká fọwọ́ kàn án rárá. Kì í ṣe ológbò. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun mọ́ra. Ọmọ tó ń wá ẹranko tí yóò máa gbá mọ́ra, ẹ wá ehoro fún un.

Omi ńkọ́? Omi òjò ló dára jù, èyí tí a fi abọ́ gbè ní gbangba, kì í ṣe èyí tó ṣàn láti orí páànù tó ti dípẹtà. Omi tí wọ́n ti fi oògùn sí, kí ẹ bu ú sínú abọ́ tó fẹ̀, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Abọ́ omi inú ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìn, ojoojúmọ́ la sì ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ilé rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja dára, bí ẹ bá ní èyí tó ga. Bí kò bá sí, ike ńlá tó mọ́ gaara, tí ènìyàn ń rí inú rẹ̀, tó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ti tó fún méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn kéékèèké. Gíga ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ lọ, torí òkè ni ẹ̀dá yìí ń gbé. Ẹ gé ihò ńlá sí ọmọrí rẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bo ihò náà, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní ajílẹ̀ nínú sí ìsàlẹ̀. Ẹ ki ẹ̀ka igi méjì-mẹ́ta sí i, kí ẹ sì gbin kókò kékeré kan sínú agolo tí ẹ óò gbé sáàárín. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń fọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ lè fi ìgbà kan kún un. Ooru iyàrá tiwa níbí ti tó o. Iná tí àwọn tó wà ní ìlú òtútù ń tàn sí i kò kàn wá. Ohun tí àwa gbọ́dọ̀ yẹra fún ni oòrùn tààrà àti iyàrá tó dà bí ààrò lọ́sàn-án.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fọ ilé náà. Omi gbígbóná àti kàn-ìn-kàn-ìn ti tó. Ẹ má fi ọṣẹ sí i.

Oúnjẹ ló máa ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, torí pé ohun tó bá ń rìn nìkan ló ń jẹ. Kò mọ gaàrí, kò mọ búrẹ́dì. Eṣinṣin, àfòpiná, ọmọ ìrẹ̀, ọmọ tata, ikán tó hu ìyẹ́ lẹ́yìn òjò, gbogbo ìwọ̀nyí ló fẹ́ràn. Kòkòrò náà kò gbọ́dọ̀ tóbi ju àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Àwọn tó ṣì ń dàgbà ń jẹun lójoojúmọ́. Èyí tó ti dàgbà lè jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, alẹ́ la sì ń fún un. Ọmọ lè fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà sínú ike kan kó eṣinṣin wẹẹrẹ jọ. Ẹ gún èèpo ẹyin tó ti gbẹ kúnná bí ìyẹ̀fun, kí ẹ máa bu díẹ̀ sí kòkòrò lára lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àìsí ìyẹn ni egungun rẹ̀ á fi rọ̀, tí ẹsẹ̀ á fi wọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nìyí. Kòkòrò tí a mú nínú ilé tí wọ́n ti fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn aáyán kò ṣeé fún un jẹ. Ọ̀kan nínú méjì tí mo sìn, èmi fúnra mi ni mo pa á. Iyàrá kejì ni mo fọ́n oògùn sí, mo rò pé ilẹ̀kùn ti padé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bá a tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ nínú abọ́ omi. Ilé tí kò bá lè ṣe kí ó má fọ́n oògùn, kí ó má sin àkèré. Àwọn kan ní àkèré á bá wọn jẹ ẹ̀fọn inú ilé tán. Irọ́ ni. Ó ń jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ ká nẹ́ẹ̀tì yín kúrò lórí ibùsùn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá? Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Òwe ni, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i gan-an. Àkèré tó ń rìn kiri lọ́sàn-án, tí kò ká ẹsẹ̀ mọ́ra, tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí awọ rẹ̀ ń bó ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan ń ṣe é. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ awọ yìí tún gbòòrò ju ilé wa lọ. Àrùn kan wà tó ń jẹ awọ àwọn ẹ̀dá yìí, ẹ̀yà olú wẹẹrẹ tí ojú kò rí ló ń fà á. Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ. Ní 2019, ìwádìí kan fi hàn pé ó ti mú kí oríṣi ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín kù káàkiri ayé, ó sì dà bí ẹni pé àádọ́rùn-ún nínú wọn ti parẹ́ pátápátá. Ó ti dé Nàìjíríà náà. Ní 2009 ni wọ́n kéde pé wọ́n rí i lára Chiromantis tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nínú igbó ọba Òkómù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í ran ènìyàn, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n torí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: àkèré tí ẹ bá rà tàbí tí ẹ gbà láti ibòmíràn, ẹ má jù ú sínú àbàtà wa. Omi tí a fi fọ ilé rẹ̀ pàápàá, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, kó má lọ sínú gọ́tà.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ owó. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, èsì mi sí ọmọ ẹgbẹ́ wa nípa ẹ̀yáwó ni pé rárá. Àwọn tó ń sìn ín lókè òkun, àwọn oríṣi ńlá láti Australia àti Amẹ́ríkà Àárín Gbùngbùn ni wọ́n ń wá jù. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn, inú àpótí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bí wọn. Èyí tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ Áfíríkà kéré lówó, ọ̀pọ̀ sì ń kú lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹranko jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ìwé náà kì í sì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ká tó ṣe gbogbo ìyẹn, èlé ẹ̀yáwó á ti gorí ara wọn. Ìgbín àti ẹja àrọ̀ lọ́jà nídìí ilé wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ sin ìwọ̀nyẹn, kí ó kọ ìwé wá. Ohun mìíràn tún ni pé ilé ti ń bo àbàtà Ayọ̀bọ̀ lọ́dọọdún. Ibi tí ariwo àkèré kì í ti í jẹ́ ká sùn lásìkò òjò nígbà kan, ẹ̀rọ amúnáwá là ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí. Bí a bá tún wá ń kó èyí tó kù sínú àpò láti tà, kí la fẹ́ kó kù?

Kí ọmọ sin méjì nínú ilé kò ba nǹkan kan jẹ́, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti mú wọn. Ẹ má dá wọn pọ̀ mọ́ èyí tó tóbi jù wọ́n lọ, torí yóò gbé wọn mì. Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe nǹkan ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kéékèèké tiwa lè lo ọdún mélòó kan nínú ilé tí ìtọ́jú bá wà. Nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé tí wọ́n ń gbé, ta ni yóò máa mú eṣinṣin? Èsì ìbéèrè yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Bí akọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láago méjì òru, ẹ má sọ pé n kò sọ fún yín.

Àkèré karùn-ún yẹn kò kú. Ìyá náà gbé ike kan kalẹ̀, bàbá ọmọ gé nẹ́ẹ̀tì sí i, mo sì lọ wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Aládùúgbò tó ní kí wọ́n dà á nù wà níbẹ̀, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú kí a lè rí i bó ṣe ń gbé àfòpiná mì. Ìyá ní ẹni tó bá fẹ́ wo ike náà nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lè yà, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn aago méje alẹ́, torí lọ́sàn-án oorun ló ń sùn.