Ṣé O Mọ̀? Àyè Ṣì Pọ̀ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀ Kíṣìnì Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó wọ inú lọ ní 60, tí ó sì ga ní 72, ń gbà ju lítà 200 lọ? Tú ìrẹsì àpò oníkílò 50 mẹ́ta sínú rẹ̀, yóò gbà á. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ya o, ṣùgbọ́n àyè wà. Síbẹ̀, ìkòkò márùn-ún, kúlà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá, àti ìdérí tí kò bá ìkòkò kankan mu la ń kó síbẹ̀, tí a ó wá máa ráhùn pé kíṣìnì yìí ti kéré jù.

Ṣé o mọ ibi tí àyè náà ń bá lọ? Òkè ni. Bí pẹpẹ kan bá dá kọ́bọ́ọ̀dù náà sí méjì, apá kọ̀ọ̀kan yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 33 tàbí 34. Àwo pẹlẹbẹ mẹ́fà tí a tò léra kì í sábà ga ju 10 lọ. Ohun tó kù lórí wọn, afẹ́fẹ́ lásán ni. Pẹpẹ kejì tí kò wọ́n, tàbí tábìlì wáyà kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, ti tó láti gba àyè yẹn padà.

Ṣé o mọ̀ pé ihò wẹ́wẹ́ tó tò lọ sókè lára ògiri inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe fún ẹwà? Mílímítà 32 ni wọ́n fi jìnnà síra nínú ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ń lò, kí onílé lè gbé pẹpẹ sókè tàbí sísàlẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀pọ̀ ilé ni pẹpẹ kò tíì kúrò níbi tí káfíńtà fi í sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù òkè, èyí tí a gbé kọ́ sára ògiri, kì í sábà jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35 lọ, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ jìn tó 60? Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ní ti òkè, ojú tó gbogbo nǹkan. Ní ti ìsàlẹ̀, ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀ ní láti kúnlẹ̀, kó ti orí bọ inú, kó kó ti iwájú jáde ná, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó ti ẹ̀yìn. Ohun tó bá ń fún èèyàn ní wàhálà tó báyìí, kì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé rẹ̀. Bí agolo tòmátì ṣe ń kọjá ọjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò nìyẹn, tí a ó sì ti ra òmíràn lé e.

Ṣé o mọ̀ pé dúrọ́ọ̀, àpótí tí a ń fà jáde, ni ìdáhùn tó lágbára jù sí ọ̀rọ̀ yìí? Ó ń gbé ẹ̀yìn wá síwájú. O dúró, o fà á, o wo gbogbo rẹ̀ láti òkè, o mú ohun tí o fẹ́, o tì í padà. Ìkòkò ọbẹ̀, páànù dídín, àwo tó wúwo, gbogbo rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀ tó jìn lè gbé, bí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dára. Irin yẹn ni àwọn káfíńtà ń pè ní rọ́nà. Ẹ̀yà rọ́nà kan wà tí kì í fa dúrọ́ọ̀ jáde tán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ yóò ṣì wà nínú òkùnkùn. Òmíràn ń fà á jáde pátápátá. Nínú àwọn rọ́nà oníbéárìn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe kí ó lè gbé nǹkan bíi kílò 45. Ní tèmi, ẹni tó fi owó pamọ́ lórí rọ́nà láti fi ra ilẹ̀kùn tó ń dán, ojú àlejò ló ń ṣe kíṣìnì fún.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ? Ní 1869, Catharine Beecher àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Harriet Beecher Stowe, tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ìtọ́jú ilé. Nínú rẹ̀, wọ́n ya àwòrán kíṣìnì tí wọ́n fi ti ọkọ̀ ojú omi ṣe àwòkọ́ṣe: ibi iṣẹ́ lókè, àpótí ìyẹ̀fun àti pẹpẹ nísàlẹ̀, ohun gbogbo ní àrọ́wọ́tó. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọkọ̀ kò ní àyè tí yóò fi ṣòfò.

Ṣé o mọ obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ọ̀pọ̀ kíṣìnì òde òní? Margarete Schütte-Lihotzky ni, ọmọ Vienna ní Austria, ayàwòrán ilé. Ní 1926, ìjọba ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, Ernst May sì ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Margarete ni wọ́n ní kó ya kíṣìnì. Àyè tí ó yà á sí fẹ̀ ní mítà 1.9, ó sì gùn ní mítà 3.4 péré. Ó wo bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èrò nínú kíṣìnì tóóró ti ọkọ̀ ojú irin, ó fi aago wọn bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó, ó sì pinnu ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà. Kíṣìnì bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ṣe báyìí.

Wo ohun tó ṣe sísàlẹ̀. Àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ ohun tó wà nínú wọn wà lójú kálukú: ìrẹsì, ṣúgà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́, ẹnu rẹ̀ sì rí ṣóńṣó, tí èèyàn lè fà á yọ kó sì da ìrẹsì tààrà sínú ìkòkò láì wá ife. Igi óákù ni ó fi ṣe ti ìyẹ̀fun, nítorí kòkòrò kì í fẹ́ràn igi náà. Ibi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ ní dúrọ́ọ̀ kan nínú tí a ń gbá èèpo sí. Obìnrin yìí bá àwọn Násì jà, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1941, 1945 ni ó tó jáde. Ó kú ní January 2000, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ẹni ọdún 103.

Ṣé o mọ̀ pé Lillian Gilbreth, ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ tó tún jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka ìṣísẹ̀ obìnrin nínú kíṣìnì bí ẹni ń ka ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́? Òun náà ni wọ́n ń yìn fún pẹpẹ tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì àti fún garawa ìdọ̀tí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ṣí.

Ó dáa, kọ̀rọ̀ ńkọ́? Níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé ní igun, ibẹ̀ ni ohun ìní ti ń sọnù. Àwọn kan ń fi àwo roboto tó ń yí síbẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé àwo roboto tó bá wọ àyè onígun mẹ́rin tó dọ́gba kò lè gbà ju nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àyè náà lọ? Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣòfò. Ó ṣì sàn ju kí èèyàn máa ti ọwọ́ bọ inú ihò lọ. Àwọn mìíràn ń ṣí kọ̀rọ̀ náà sí ìhà kejì ògiri, kí ó di kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀. Bí kò bá sí owó fún èyíkéyìí, kó ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún síbẹ̀: ìkòkò ìnáwó, kúlà ńlá, fásìkì Kérésìmesì. Kúlà kékeré wọ inú kúlà ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé àyè tún wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀? Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń wọ̀ nígbà tí o bá dúró níwájú rẹ̀ ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ lè wọ ibẹ̀ fún tíréè àti páànù àkàrà òyìnbó. Ilé iṣẹ́ IKEA ti Sweden gba ọ̀nà mìíràn: nígbà tí wọ́n ṣe kọ́bọ́ọ̀dù METOD, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 8, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gé kún inú àpótí, tí ó fi kúrò ní 70 di 80.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa, kàńtà kọnkéré tí wọ́n fi táìsì bò ni wọ́n ṣe, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ tàbí kí ó ní ilẹ̀kùn pákó. A kò lè gbẹ́ dúrọ́ọ̀ sára sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ike onígun mẹ́rin tó gùn, tí o bá wọn jíjìn ibẹ̀ kí o tó rà á, yóò ṣe iṣẹ́ dúrọ́ọ̀? Fà á jáde, mú èròjà ọbẹ̀, tì í padà. Èyí ni ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, kì í sì í dẹ́rù ba àpamọ́wọ́.

Ìdérí ìkòkò: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni ilé rẹ̀. Tíréè: gbé e nàró, má tẹ́ ẹ. Ike tí wọ́n pín lóde ìnáwó: ẹyọ tó bá ní ìdérí tirẹ̀ nìkan ni kó dúró. (Mo mọ̀ pé orúkọ olóògbé wà lára òmíràn. Ó ṣì ń gba àyè.)

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ síìnkì ni pákó kọ́kọ́ ń bàjẹ́? Pákó tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ máa ń wú bí omi bá wọ̀ ọ́, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ káfíńtà Èkó fi ń gba oníbàárà nímọ̀ràn pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́. Tẹ́ tíréè ike síbẹ̀ kí o lè tètè rí omi tó ń jò. Bílíìṣì àti ohun ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì kò gbọdọ̀ dà pọ̀ níbẹ̀, nítorí gáàsì olóró ni wọ́n ń bí. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, òkè ni kí méjèèjì gbé.

Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyè nìkan. Ṣé o mọ̀ pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ? Ohun méjì tó wà nínú rẹ̀, propane wúwo tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́, butane sì tó ìlọ́po méjì. Bí sílíńdà bá ń jò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a pa dé, gáàsì náà kò ní gòkè jáde. Yóò tẹ́ sílẹ̀, yóò máa kóra jọ nísàlẹ̀, yóò dúró de iná. Gáàsì náà kò tiẹ̀ ní òórùn tirẹ̀. Wọ́n fi òórùn yẹn kún un kí imú lè gbọ́ ọ ni. Nítorí náà, ìta ni sílíńdà yẹ kó wà, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí rọ́bà rẹ̀ gba ihò ògiri wọlé. Ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀ ni pé odidi kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣófo fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé iṣu kò yẹ kó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù? Ó ń mí, ó fẹ́ atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń so ó mọ́ igi nínú àká. Òróró ní tirẹ̀ fẹ́ràn òkùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń bà á jẹ́, nítorí náà má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Ṣé o mọ̀ pé ihò roboto tó wà lára ẹ̀wà, ibi tí kòkòrò ti jáde ni, kì í ṣe ibi tó gbà wọlé? Abo kòkòrò ẹ̀wà ń lẹ ẹyin mọ́ ara èèpo, ọmọ rẹ̀ ń wọ inú, ó ń jẹ ẹ̀wà níbẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Bí a bá pa ẹ̀wà dé mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí a sì rọ ọ́ kún dé ẹnu, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tán, kòkòrò náà yóò kú láì sí oògùn kankan. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe àpò alápò mẹ́ta lórí ìlànà yìí, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Tìrẹ nílé, ike tó ní ìdérí líle ti tó.

Aáyán pẹ̀lú fẹ́ràn ìsàlẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé aáyán kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Jámánì, Éṣíà ni ó ti wá gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 ṣe fi hàn? Àpò ẹyin rẹ̀ kan lè mú bí 30 sí 40 jáde. Páálí ni ó ń sá pamọ́ sí, nítorí náà páálí bẹ́lẹ́ńdà tí o fi pamọ́ láti ìgbà tí o ti rà á kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tí káfíńtà bá wá wọn kíṣìnì rẹ, má jẹ́ kó kọ́kọ́ fi àwọ̀ hàn ọ́. Bi í pé rọ́nà wo ló fẹ́ lò, ṣé yóò fa dúrọ́ọ̀ jáde tán, àti kílò mélòó ni ó lè gbé. Bí kò bá lè dáhùn, wá káfíńtà mìíràn.