Lílo àfikún èròjà irin láti dènà àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé

Lílo àfikún èròjà irin láti dènà àìtó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ètò ìlera tí a fi ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ àti àwọn ọmọdé ní oògùn olómi tàbí oníhóró tí ó ní irin nínú, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dín kù ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 23 ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, nítorí pé ní àkókò yìí ni ara àti ọpọlọ ń yára dàgbà, nígbà tí irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59 ní gbogbo ayé ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ní àwọn ilẹ̀ tí ibà ti wọ́pọ̀, a kì í ya ètò yìí kúrò lára ìdènà àti ìtọ́jú ibà, nítorí ìrírí ti fi hàn pé irin nìkan, láìsí ààbò lọ́wọ́ ibà, lè pa àwọn ọmọ kan lára.

Iṣẹ́ irin nínú ara

Irin ni ara fi ń ṣe hẹmoglóbíìnì, ohun tí ó fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ pupa rẹ̀, tí ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Ọpọlọ tí ń dàgbà pẹ̀lú nílò irin. Bí irin bá ṣọ̀wọ́n, ara a máa kọ́kọ́ fi èyí tí ó kù ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ọpọlọ lè ti wà nínú àìní kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí irin wọn kò tó nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́ fi hàn pé ìfàsẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ àti ìṣesí lè wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí ìdènà fi sàn ju ìwòsàn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lára àwọn àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ ni kí àtẹ́lẹwọ́, ètè àti inú ìpéǹpéjú ọmọ máa funfun, kí ó máa tètè rẹ̀ ẹ́, kí ó má fẹ́ jẹun, tàbí kí ó máa jẹ erùpẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní àmì kankan ní ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fi í hàn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024, ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 sí 23 kò tó bí hẹmoglóbíìnì rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ gíráàmù 105 nínú lítà kan. Fún ọmọ oṣù 24 sí 59, ààlà náà jẹ́ gíráàmù 110.

Ohun tí ń fa àìtó irin

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé kí a tó bí i máa ń gbé irin tí yóò lò fún nǹkan bí oṣù 6 wá sáyé. Oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí tí ó kéré púpọ̀ nígbà ìbí, kì í ní irin tó, ó sì lè nílò àfikún kí ó tó pé oṣù 6. Irin inú ọmú ìyá kéré níye, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọmọ ń gbà á dáadáa.

Lẹ́yìn oṣù 6, oúnjẹ ni ó yẹ kí ó dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ògì tí a fi àgbàdo tàbí ọkà bàbà ṣe ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń jẹ. Irin inú ọkà kò pọ̀, sísẹ́ ògì sì ń mú díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Fítéètì tí ó wà nínú ọkà tún máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rírẹ ọkà àti kíkan ògì ń dín in kù. Ibà tí ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ àti aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun wà lára ohun tí ń dá kún ìṣòro náà.

Ìwọ̀n àti ọ̀nà ìlò

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á níyànjú pé kí a máa fún àwọn ọmọdé ní irin lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀léra nínú ọdún, ní àwọn ibi tí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ti ní ẹ̀jẹ̀ tó. Ọmọ oṣù 6 sí 23 yóò gba mìlígíráàmù 10 sí 12.5 ní ọ̀nà oògùn olómi. Ọmọ oṣù 24 sí 59 yóò gba mìlígíráàmù 30.

Irin gan-an ni ìwọ̀n wọ̀nyí ń tọ́ka sí, kì í ṣe gbogbo ìwúwo oògùn. Fún àpẹẹrẹ, mìlígíráàmù 150 oògùn ferrous sulfate tí omi wà nínú èérún rẹ̀ ni ó ní mìlígíráàmù 30 irin nínú. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera ka ara ìgò kí ó tó sọ iye tí ìyá yóò fún ọmọ. Ọ̀nà mìíràn ni ìyẹ̀fun èròjà aṣaralóore inú àpò kékeré, tí a ń bù sí oúnjẹ ọmọ lẹ́yìn tí a bá ti sè é tán.

Irin àti ibà

Ìwádìí tí ó yí èrò àwọn onímọ̀ padà wáyé ní Pemba, erékùṣù kan ní Zanzibar ní orílẹ̀-èdè Tanzania, níbi tí ibà ti ń jà gidigidi nígbà náà. Àwọn ọmọ tí ó lé ní 24,000 ni wọ́n kópa nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n dá fífún àwọn ọmọ náà ní irin àti fólíìkì ásíìdì dúró, nítorí pé ikú tàbí ìdánidúró ní ilé ìwòsàn fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó gbà á. Àbájáde náà jáde ní ọdún 2006. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní gúúsù Nepal, níbi tí ibà kò ti wọ́pọ̀, kò fi irú ewu yìí hàn.

Ní Pemba kan náà, láàárín àwùjọ ọmọ kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò tí wọ́n sì ń tọ́jú ibà wọn kíákíá, irin ṣe àwọn tí irin àti ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó láǹfààní. Àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé irin kò mú kí ibà pọ̀ sí i níbi tí ètò ìdènà àti ìtọ́jú ibà bá ti wà. Nítorí èyí, ní orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, tí ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń mú lágbàáyé, àwọ̀n ìdènà ẹ̀fọn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ibà gbọ́dọ̀ bá irin rìn.

Àwọn ọ̀nà ìdènà mìíràn

Ìdènà ń bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, nígbà tí aláboyún bá ń lo irin àti fólíìkì ásíìdì tí wọ́n fún un. Nígbà ìbí, dídúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kí a tó dí okùn ìwọ́ ọmọ ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i wọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fi irin kún oúnjẹ ọmọ. Ọsàn àti tòmátò ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n tíì ń dí i lọ́wọ́. Kò yẹ kí wàrà màlúù jẹ́ ohun mímu pàtàkì fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan.

Ìkìlọ̀

Irin lè mú kí ìgbẹ́ ọmọ dúdú, oògùn olómi sì lè fi àwọ̀ sára eyín; ìwọ̀nyí kò léwu. Ṣùgbọ́n májèlé ni irin tí ó pọ̀ jù fún ọmọdé, ó sì lè pa á, nítorí náà ibi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o ni a ń fi í sí, títí kan oògùn tí ìyá fúnra rẹ̀ ń lò. Kì í ṣe gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀ ni irin ń wò: ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní irin tó tàbí kí ó pọ̀ jù lára rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. A kì í sì í fún ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti bá jà gidigidi ní irin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ó yẹ kí ó pinnu fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.