Wọ́n fẹ́ sọ ọ̀nà náà di títì mọ́tò, ni adájọ́ kan bá fẹsẹ̀ rìn ín fọ́jọ́ mẹ́jọ: Bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe gba òkè Appalachia lọ́wọ́ mọ́tò

Ẹni tó jẹ́ pé hóònù mọ́tò ló ń jí i láàárọ̀, tó tún jẹ́ pé òun náà ló ń gbọ́ kẹ́yìn kó tó sùn lálẹ́, yóò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa fóun tí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀nà kan wà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó gùn ju máìlì 330 lọ, tó la àárín òkè ńlá kọjá, tí mọ́tò kankan ò gbọ́dọ̀ rìn lórí ẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí tírélà, alùpùpù pàápàá ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá o, àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Ní Amẹ́ríkà náà ni o, níbi tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò jáde tí wọ́n bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní òpópónà kejì!

Washington tó jẹ́ olú-ìlú wọn lọ̀nà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá etí odò Potomac lọ fún máìlì 184 àti ààbọ̀, títí tó fi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Cumberland, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní Cumberland yìí ló ti pàdé ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Great Allegheny Passage, tó gun òkè lọ fún máìlì 150 míì, kó tó já sí Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Maryland ò sì kéré. Èyí tó bá ní kẹ̀kẹ́ nínú wọn, ọ̀nà náà ò jìnnà sí i rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n da ọ̀dà bo apá kan ọ̀nà náà mọ́lẹ̀.

Apá tó wá láti Washington sí Cumberland yẹn, etí odò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1828, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, kí wọ́n lè máa fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù. Ìbaaka ló máa ń fa ọkọ̀ náà, tí wọ́n á so okùn mọ́ ọn lára, tí yóò máa rìn létí omi. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ odò yìí gan-an ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ rélùwéè ní Baltimore. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ń fi ìbaaka fa ọkọ̀ fẹ́ bá rélùwéè sáré. Rélùwéè dé Cumberland lọ́dún 1842, odò ò débẹ̀ títí di 1850. Bí wọ́n ṣe ń rọ́jú ẹ̀ náà nìyẹn, títí tí omíyalé ọdún 1924 fi bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìjọba ra ibẹ̀ lọ́dún 1938. Igi hù, ẹyẹ kọ́lé, omi dá rọ́gọ́dọ́.

Nígbà tó yá ni ìmọ̀ràn dé pé kí wọ́n la títì mọ́tò sí etí odò náà. Lóṣù Kínní, ọdún 1954, ìwé ìròyìn Washington Post kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àbá náà dára. Ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ William O. Douglas nínú rárá. Douglas kì í ṣe èèyàn lásán. Ọ̀kan lára àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, àtọdún 1939 ló sì ti wà níbẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa rin etí odò yẹn. Ni bàbá bá kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn náà, ó ní kó bọ́ sóde, kó wá bá òun fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó fojú ara ẹ̀ rí ohun tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́.

Wọ́n gbà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún náà, èèyàn 58 ló gbéra ní Cumberland pẹ̀lú adájọ́ yìí, àwọn oníwèé ìròyìn wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa ẹyẹ àti ewéko wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi rìn ín. Ẹsẹ̀ ń bó, bàtà ń fún, àwọn kan pẹ̀yìn dà, àwọn míì lọ wá mọ́tò wọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Washington, èèyàn mẹ́sàn-án péré ló fẹsẹ̀ rin gbogbo ẹ̀ tán. Douglas wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn olóòtú Washington Post tó bá wọn rìn lára ọ̀nà náà yí ohùn padà, ìwé ìròyìn wọn ò sì ti ọ̀rọ̀ títì náà lẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó di ọdún 1971 kí òfin tó sọ gbogbo ibẹ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò fi lè gbé katakata débẹ̀ mọ́. Ọdún 17 gbáko lẹ́yìn ìrìn náà nìyẹn.

Ibi tí ìbaaka ń tẹ̀ nígbà yẹn làwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà báyìí. Nítorí pé ìbaaka ló ni ín, kò ga, kò rọ̀. Àgbọ̀nrín ń sọdá níwájú èèyàn, ahun ń yá oòrùn lórí igi tó ṣubú sómi. Ariwo tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti ọkọ̀ rélùwéè tó ń kọjá lódìkejì. Àwọn ibi tí wọ́n lè pàgọ́ sí wà lójú ọ̀nà, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló sì ní ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Àwọn ilé kékeré kan tún wà tí wọ́n kọ́ fáwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi nígbà ayé ìbaaka, wọ́n ń yá díẹ̀ nínú wọn fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú. Tí òjò bá rọ̀ ṣá, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni, ẹlòmíì á ti kẹ̀kẹ́ títí apá á fẹ́ẹ̀ já.

Ibi tó máa ń dẹ́rù ba àlejò ni ihò Paw Paw. Odò náà gba abẹ́ òkè kọjá níbẹ̀ ni, ihò ọ̀hún sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3,118. Ọdún 1836 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu òkè náà, owó tán, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn ò san owó fún ń bára wọn jà, 1850 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Kò síná nínú ẹ̀ dòní. Kí oníkẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó máa ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ.

Láti Cumberland lọ sókè, ojú irin àtijọ́ lọ̀nà. Iléeṣẹ́ rélùwéè Western Maryland ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á tì lọ́dún 1975. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Máìlì mélòó kan nítòsí Ohiopyle ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí lọ́dún 1986, wọ́n wá ń so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ṣiṣẹ́ náà ò gba kọ́bọ̀. Ọdún 2013 ló tó wọ Pittsburgh.

Ẹni tó bá gbọ́ òkè lè máa bẹ̀rù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rélùwéè ló gba oníkẹ̀kẹ́ là. Ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè gàgàrà, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó jẹ́ irin yóò máa yọ̀ ni. Ìdí nìyẹn táwọn tó ṣe ojú irin náà fi ń yí òkè po, tó fi jẹ́ pé nínú ẹsẹ̀ bàtà 100, ọ̀nà náà kì í gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Fún nǹkan bíi máìlì 24 ni èèyàn á fi máa rọra gòkè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dókè ni yóò kọjá lórí ìlà tí Mason àti Dixon wọ̀n láàárín ọdún 1763 sí 1767, èyí tó pín Maryland àti Pennsylvania níyà. Òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí òwò ẹrú àti níní ẹrú ní Pennsylvania láti ọdún 1780, àmọ́ Maryland ò jọ̀wọ́ ẹrú sílẹ̀ títí di 1864. Ẹrú tó bá sá gba òkè yìí láyé ọjọ́un, òru ló ń rìn, kó ṣáà lè tẹ ìhà kejì. Fọ́tò làwọn èèyàn ń dúró yà níbẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò Big Savage, ẹsẹ̀ bàtà 3,294, èyí síná ní tiẹ̀. Téèyàn bá jáde lódìkejì, kò ní í pẹ́ dé ṣóńṣó ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ bàtà 2,392 sókè òkun. Òjò tó bá rọ̀ síhà ìlà oòrùn ibẹ̀, odò Potomac ló ń bá lọ. Èyí tó bá rọ̀ síhà kejì, odò Mississippi ni yóò gbé e dé òkun Mexico. Láti ibẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títí dé Pittsburgh.

Àwọn tí ọ̀nà yìí ṣe lóore jù ni àwọn ìlú kéékèèké tó wà létí ẹ̀, Meyersdale, Confluence, Connellsville, West Newton. Èédú, irin àti rélùwéè ni wọ́n ń jẹ nígbà kan. Nígbà tíyẹn dáwọ́ dúró, ṣọ́ọ̀bù ń tì, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ. Ẹni tó ń wa mọ́tò lè la irú ìlú bẹ́ẹ̀ kọjá láìgbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti wa máìlì 40 tàbí 50, ebi ń pa á bí ìkookò, kò lè gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń wá ibi tó máa sùn, táyà ẹ̀ sì lè ti jò. Gbogbo ìyẹn, owó ni fún onílé. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò yà sí mọ́ tẹ́lẹ̀ di ilé àlejò, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti di ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ní Meyersdale, ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbàlejò.

Kò sówó ìwọlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí Great Allegheny Passage. Àwọn tára wọn le ń fi ọjọ́ mẹ́ta wa máìlì 150 náà, ẹni tó bá fẹ́ rọra ṣe é, kó fi ọjọ́ márùn-ún ṣe é. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ ni àsìkò. Tó bá ti di oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgede Big Savage pa nítorí yìnyín, ó sì máa ń di nǹkan bí oṣù Kẹrin kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láàárín kan, àfi kó bọ́ sí títì, kó máa bá àwọn onímọ́tò fa á títí tó fi máa rékọjá òkè náà.